Odi, Igbó àti Odò: Ìtàn Etí Ogun láti Ìlobùú Títí Dé Ọ̀tìn

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí yóò la Ìlobùú kọjá, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bá ara rẹ̀ ní Ifọ́n. Ìlú kejì yóò ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó rò pé ti àkọ́kọ́ parí, bí kò bá sì sí àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò là á lóye, kò ní mọ̀ pé ilẹ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sáré lórí rẹ̀ yìí ni etí ogun fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Láti ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, ní àárín ọdún 1835 sí 1837, títí di ọdún 1897 tí Ìlọrin fi bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó, agbègbè yìí ni agbára Ìlọrin àti agbára Ìbàdàn ti ń forí gbárí, tí àwọn ìlú Ìbọ̀lọ́, Ọ̀fà Mọ́jọ̀, Ìkìrun, Ìlobùú, Èjìgbò àti Ẹdẹ, sì wà láàrín bí ẹran tí ajá méjì dì mú.

Nígbà tí a bá dárúkọ odi ogun, ọkàn ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé òde òní a máa lọ sí àwọn ilé olókùúta tí òyìnbó kọ́ sí etí òkun ilẹ̀ Gánà, tí ìbọn àgbá kọ ẹnu sí ojú omi. Ti àwọn baba wa kò rí bẹ́ẹ̀. Erùpẹ̀ tí a bá wú nínú yàrà ni a fi ń mọ odi, tí ó fi jẹ́ pé bí yàrà bá ti ń jìn sí i ni odi ń ga sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ gun odi ní láti kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà, nígbà tí ó bá sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, tí ó ń wo òkè bí ẹni ń wá ojú ọ̀run, ni àwọn tí ó fara pamọ́ lẹ́yìn odi yóò máa fi ọfà àti ọta ìbọn kí i káàbọ̀. Ẹnu bodè nìkan ni ènìyàn lè gbà wọlé tàbí jáde, oníbodè a sì máa jókòó síbẹ̀, tí yóò máa gba owó ẹyọ lọ́wọ́ aláàárù àti oníṣòwò, tí yóò sì máa fi ojú wọn ojú àjèjì. Òjò ni olórí ọ̀tá odi, nítorí ọdọọdún ni àgbàrá ń jẹ ẹ́, ọdọọdún náà ni a sì gbọ́dọ̀ tún un mọ, torí pé bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́.

Síbẹ̀ odi nìkan kọ́ ni ààbò. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó kọ ìtàn Yorùbá, tí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí apá kan nínú àwọn ogun yìí, ṣàlàyé ohun tí a ń pè ní igbó ilé: igbó dídí tí ó yí ìlú ká, tí ó jìnnà sí odi ní ìwọ̀n ààbọ̀ ibùsọ̀, tí a kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣá lóko. Bí ogun bá lé àwọn ará ìlú láti oko wá, inú igbó yìí ni wọn yóò sá wọ̀, tí ẹni tí ń lépa wọn yóò sì dúró lẹ́bàá rẹ̀ tí yóò máa ronú. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ti gé igbó ilé tiwọn tán, wọ́n sì ti kọ́ ilé sí ojú yàrà, débi pé bí àgbàrá bá ya wọ ilé ẹlòmíràn lóde òní, yàrà àwọn baba rẹ̀ ni ó ń ṣàn sínú rẹ̀.

Bí a bá bi mí pé kí ni odi tí ó lágbára jù lọ ní gbogbo etí ogun yìí, igbó ni n óò dárúkọ, kì í ṣe erùpẹ̀. Ìlọrin jẹ́ ìlú ẹlẹ́ṣin. Nígbà tí Àfọ̀njá, Àrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, kọ̀yìn sí Aláàfin, tí ó sì ké sí Àlímì, àlùfáà Fúlàní, àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ láti bá a ró agbára rẹ̀, ẹṣin ni wọ́n fi jẹ́ kí ó yọrí, ẹṣin kan náà ni ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yíwọ́, tí ìjọba ìlú fi di ti àwọn ọmọ Àlímì. Nínú ọ̀dàn, níbi tí ojú ti lè rí òkèèrè, ẹlẹ́ṣin kan tó ogún ẹlẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá ti ń sọ̀kalẹ̀ wá sí ìhà gúúsù, igi ń pọ̀ sí i, ọ̀nà ń tín-ín-rín sí i, eṣinṣin inú igbó sì ń mú àìsàn tí ń pa ẹṣin wá. Nítorí náà ni èmi fi gbà pé ibi tí ẹṣin ti rẹ̀ ni ààlà ilẹ̀ wa ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, kí òyìnbó kankan tó fi yíǹkì kọ ọ́ sínú ìwé.

Àwọn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú mọ́ lórí mọ èyí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Ìhà igbó ni wọ́n sá wá. Òṣogbo Òròkí kún, Ẹdẹ Mápó kún, Ògbómọ̀ṣọ́ kún, Èjìgbò àti Ìlobùú náà sì gba àwọn tí ogun lé kúrò ní ilé baba wọn. Àwọn Olóbùú àti àwọn ènìyàn wọn ti wà níbẹ̀ kí ogun tó dé. Erinlẹ̀, ọdẹ ńlá tí ó wọlẹ̀ tí ó sì di odò, ni òrìṣà tí wọ́n fi ń yangàn, àwọn àgbà Ìlobùú sì gbà pé òun ni kò jẹ́ kí Fúlàní fi ẹsẹ̀ ẹṣin tẹ ìlú náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí odò Erinlẹ̀ náà wà níbẹ̀ ní tòótọ́, ó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun nítòsí Ẹdẹ, odò tí ó bá kún ní ìgbà òjò sì jẹ́ ohun tí ẹlẹ́ṣin kankan kì í fi ojú kékeré wò. Ifọ́n ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, òrìṣà aláṣọ funfun tí ẹmu jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀, Olúfọ́n, ọba ìlú náà, sì wà lórí ìtẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ títí di òní. Ìlú òrìṣà funfun àti ìlú òrìṣà ọdẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ òjìji ogun kan náà.

Ní nǹkan bí ọdún 1840 ni Ìlọrin pinnu pé igbó kò ní dá òun dúró mọ́. Àlí, balógun tí í ṣe Hausa, ni ó ṣáájú ogun ńlá wá dó ti Òṣogbo. Ìhámọ́ náà le, Òṣogbo sì ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, nítorí bí a kò bá rí ẹni fẹ̀yìn tì, bí ọ̀lẹ là á rí. Ìbàdàn nígbà náà kò ju ìlú àwọn jagunjagun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbórí sókè lábẹ́ Olúyọ̀lé. Àwọn ọmọ ogun tí ó kọ́kọ́ rán kò tó nǹkan, kò sì pẹ́ tí ó fi hàn pé iṣẹ́ náà ju agbára wọn lọ, títí Balógun Odérìnlọ fi kó àgbà ogun jáde. Nígbà tí wọ́n dé Òṣogbo tí wọ́n rí bí ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ti pọ̀ tó ní gbangba, wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá jáde sí wọn ní ọ̀sán, ojú àwọn yóò rí màbo.

Wọ́n yan òru. Nínú òkùnkùn, ẹni tí ó wà lórí ẹṣin kò sàn ju ẹni tí ó wà nílẹ̀ lọ, ẹṣin tí a sì so mọ́ èèkàn kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ṣùgbọ́n òkùnkùn kì í yan ojú. Ẹni tí ó lè pa ọ̀tá nínú rẹ̀ lè pa ọ̀rẹ́ pẹ̀lú. Nítorí náà ni wọ́n fi ṣe àdéhùn ọ̀rọ̀ kan: ẹnikẹ́ni tí ó bá pàdé ẹlòmíràn ní òru náà yóò bi í léèrè pé èló ni owó odò, ẹni tí kò bá sì mọ èsì tí wọ́n ti fi ẹnu kò sí, idà ni yóò fi gbà á. Ìbéèrè ọlọ́jà lásán ni, èyí tí ẹnikẹ́ni lè bi ọlọ́kọ̀ ojú omi ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, òun ni ó sì di ìdájọ́ ìyè àti ikú nínú bùdó tí iná ń jó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ogun Ìlọrin ti fọ́. Òṣogbo kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé Ọ̀ṣun ní ọwọ́ nínú ìṣẹ́gun náà, Ìbàdàn náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé Odérìnlọ ni ó kó ogun jáde.

Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun náà ni mo máa ń rò jù ogun náà fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ìjòyè Ìlọrin kan bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn láàyè: Jìmbà, olórí ẹrú ọba Ìlọrin, ọmọ Àlí kan, Àjíkòbí, àti Látèjù. Johnson sọ pé wọ́n tú Jìmbà àti ọmọ Àlí sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi Àjíkòbí àti Látèjù ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti pa wọ́n, nítorí pé ọmọ Yorùbá ni wọ́n, wọ́n sì kà wọ́n sí ọ̀dàlẹ̀. Àjèjì rí àánú gbà, ọmọ ìyá kò rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ará Ìlọrin jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń dó tì. Ogun abẹ́lé ni ogun yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohunkóhun tí ó wù kí a ti sọ nípa Fúlàní.

Láti òru Òṣogbo yẹn lọ, Ìlọrin kò tún gbọ́ ti pé kí ẹṣin rẹ̀ lọ mu omi nínú òkun, Ìbàdàn sì di olórí gbogbo ìlú etí Ọ̀ṣun. Ẹni tí a fẹ̀yìn tì a máa gba owó ẹ̀yìn. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí i, tí ó ń gbé inú rẹ̀, tí ó ń jẹ nínú rẹ̀, tí àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ a sì máa wọ oko olóko bí ẹni wọ oko baba wọn. Ó tún ní bàbá kékeré ní Ìbàdàn, ìjòyè tí ọ̀rọ̀ ìlú náà gbọ́dọ̀ gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Nígbà tí Ìbàdàn bá ń lọ sí ogun, àwọn ìlú yìí ni yóò bá a jáde, àká wọn ni yóò sì bọ́ ọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa a máa ka ìgbà náà sí ìgbà ògo. Ògo Ìbàdàn ni. Ẹni tí ó ń gbé etí ogun kò rí nínú rẹ̀ ju pé a kì í kó o lẹ́rú.

Ìwà ajẹ́lẹ̀ ni ó tú ilẹ̀ náà ká. Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n ní àwọn kò sìn mọ́. Ìlọrin rí àyè. Ó dara pọ̀ mọ́ wọn, gbogbo wọn sì ya bo Ìkìrun, ìlú tí ó dúró bí ìlẹ̀kùn sí ilẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Balógun Àjàyí Ògbórí-ẹfọ̀n kó Ìbàdàn dé, ó sì tú wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn Ìlọrin sá gba ọ̀nà ilé, àmọ́ odò Ọ̀tìn tí wọ́n là kọjá nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ti kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ogun wà lẹ́yìn, omi wà níwájú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yan omi, omi sì gbé wọn lọ. Jálumi ni a ń pe ogun náà títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni odò Ọ̀tìn fi kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìtàn nígbà àkọ́kọ́.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni a ń pè ní Kírìjí, nítorí ìró ìbọn tí ń dún láti orí òkè dé òkè láàrín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìtàn Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, àti Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ti di ohun tí ọmọdé mọ̀, n kò ní gùn lórí rẹ̀. Ohun tí ó kàn wá ni pé ogun náà ní apá kejì tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyíinì ni apá Ọ̀fà àti Ìkìrun, níbi tí Ìbàdàn ti dojú kọ Ìlọrin. Ọ̀fà fara mọ́ Ìbàdàn, Ìlọrin sì dó tì í fún ọdún púpọ̀, tí ọmọ ogun Ìbàdàn wà nínú ìlú pẹ̀lú wọn, títí ìlú náà fi ṣubú kí ọdún 1890 tó dé, tí a sì pa àwọn ìjòyè rẹ̀. Àwọn tí ó yè sá wá sí ìhà Ìkìrun, etí ogun náà sì fà sẹ́yìn wá sí òdìkejì Ọ̀tìn.

Bùdó tí ó bá pẹ́ di ìlú. Àwọn tí ó lọ sí ogun ní 1878 kò mọ̀ pé ọdún 1893 ni àwọn yóò padà. Àgọ́ ewé di ilé alámọ̀, ìyàwó bá ọkọ rẹ̀ dé bùdó, a bí ọmọ níbẹ̀, a dá oko sí ẹ̀yìn rẹ̀, a ná ọjà níwájú rẹ̀. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà oúnjẹ ni ó ń jẹ balógun lọ́kàn kí ó tó kan ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù pàápàá di ọ̀wọ́n gógó fún Ìbàdàn, torí pé Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ti ọ̀nà òkun pa mọ́ ọn, nígbà tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ń bẹ ní Èkó ń fi ìbọn òyìnbó tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn. Látòósà kú sí bùdó ní 1885. Ní ọdún kejì ni a tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, Johnson sì wà lára àwọn tí wọ́n sáré kiri títí ó fi ṣeé ṣe; àmọ́ Ìlọrin kò sí nínú ìwé náà, àlàáfíà tí ó yọ Ọ̀fà sílẹ̀ kò sì lè tú Ìkìrun ká.

Carter, gómìnà Èkó, ni ó wá tú bùdó Ìbàdàn àti ti Ìlọrin ká ní oṣù kẹta ọdún 1893. Ìbàdàn kó ẹrù, ó di ilé; Àjàyí Ọ̀ṣúngbẹ́kún tí ó gba ipò olórí ogun lẹ́yìn Látòósà kò sì fojú kan Ìbàdàn mọ́, nítorí Ìkìrun ni ó kú sí. Àwọn ará etí ogun yọ̀, wọ́n sì bẹ̀rù, torí wọ́n mọ̀ pé bí Ìbàdàn bá lọ tán, kò sí ẹni tí yóò dá ẹṣin Ìlọrin dúró bí ó bá tún padà wá.

Nítorí èyí ni odi tí ó kẹ́yìn gbogbo odi fi wà, èyí tí ìjọba Èkó tẹ̀dó sí Odò Ọ̀tìn, láàrín Ìkìrun àti Ọ̀fà. Àwọn ọmọ ogun Èkó tí a ń pè ní Hausa ni ó wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ènìyàn dúró wo èyí dáadáa: àwọn tí ń ṣọ́ ilẹ̀ Yorùbá kí Ìlọrin má baà wọ̀ ọ́ jẹ́ Hausa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sì ń dènà jẹ́ Yorùbá. Ọ̀gágun Bower, tí ó di Rẹ́sídẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn ní òpin 1893, ni ó fi ààlà lélẹ̀ ní ọdún 1894. Kì í ṣe ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: òun ni ó mú Ògèdèǹgbé, tí a sì lé e lọ sí Ìwó, òun náà ni ó yìnbọn sí Ọ̀yọ́ ní 1895. Ìlọrin ní ilẹ̀ òun kọjá ibi tí Bower fi òpó sí, kò sì gba ààlà náà.

Nínú Ìlọrin pàápàá, ìmọ̀ kò ṣọ̀kan. Ọba wọn, Mọ́mọ̀, fẹ́ bá Èkó rẹ́; àwọn balógun rẹ̀ tí ogun ti sọ di olówó kò fẹ́, nítorí pé àlàáfíà Ọ̀tìn túmọ̀ sí òpin ìkónilẹ́rú. Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ní 1895 wọ́n ká Mọ́mọ̀ mọ́ ààfin, dípò kí ó sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ó fi iná sí ẹ̀tù, ó sì gba ibẹ̀ kú. Sùlèmánù tí wọ́n fi jẹ ní ipò rẹ̀ kò ní ẹnu tí yóò fi dá wọn lẹ́kun. Ní ọdún 1896 wọ́n kó ogun wá kọlu odi Odò Ọ̀tìn, ìbọn àwọn ọmọ ogun Èkó sì lé wọn padà. Ohun tí ó dá ẹṣin dúró ní 1840, òun kọ́ ni ó dá a dúró lọ́jọ́ náà. Ìbọn tí ń yára ju ìbọn àtijọ́ lọ ni, ìyẹn kò sì bìkítà fún ọ̀dàn tàbí igbó.

Òpin rẹ̀ kò ti ìhà Ọ̀tìn wá. Goldie àti àwọn ọmọ ogun Ilé-iṣẹ́ Niger tí ó ń darí ti òkè wá, wọ́n ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kìíní ọdún 1897, wọ́n sì wọ Ìlọrin ní oṣù kejì. Odi Odò Ọ̀tìn kò ní ọ̀tá mọ́. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, kò sì pẹ́ tí ó fi kọjá sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, tí ọ̀nà tí ẹṣin kò lè là di ti ẹlẹ́rù epo àti oníṣu.

Ààlà Bower ni kò lọ. Nígbà tí òyìnbó pín Gúúsù àti Àríwá, òun ni wọ́n tẹ̀ lé, Ọ̀fà tí ó ti fi ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ bá Ìbàdàn dúró sì bá ara rẹ̀ lábẹ́ Ìlọrin tí ó pa ìjòyè rẹ̀. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, ààlà náà ni a tún gbà. Ìkìrun wà ní Ọ̀ṣun, Ọ̀fà wà ní Kwara.

Ní ìhà Ìlobùú àti Ifọ́n, ohun tí ogun fi sílẹ̀ kò hàn lórí àwòrán ilẹ̀. Nígbà tí ẹlẹ́ṣin lè yọ láti inú ọ̀dàn nígbàkigbà, kò sí àgbẹ̀ tí ó lọ jìnnà sí odi. Àwọn ènìyàn fún pọ̀ mọ́ra, ilẹ̀ tí ó wà láàrín ìlú kan àti èkejì kò sì ní olúwa tí ó ń pariwo lé e lórí. Àlàáfíà ni ó mú oko gbòòrò, tí oko Ìlobùú àti oko Ifọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn báyìí, Ifọ́n ni ti Ọ̀rọ̀lú, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàrín wọn sì ti le débi pé ìjọba pàṣẹ kónílé-ó-gbélé lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí. Mo ti gbọ́ kí àwọn kan máa wí pé ọ̀tá àtayébáyé ni wọ́n. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Fún ọgọ́ta ọdún, ọ̀tá tí àwọn méjèèjì ń bẹ̀rù ń ti ìhà kan náà bọ̀ wá, inú igbó kan náà ni wọ́n sì máa ń sá sí.